Ọ̀bẹ Tí Ọ̀gá Òtútù Fi Ṣe Gbogbo Iṣẹ́

Ọjọ́ tí Oníṣòó fún Ọ̀gá Òtútù ní ọ̀bẹ ni orí àgbàlagbà náà ti dàrú. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, èèyàn gidi ni. Fíríìjì ló ń tún ṣe, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ọ̀gá Òtútù, kò sì sí ilé kan tí omi ti ń tutù nítòsí tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan fíríìjì ibẹ̀ rí. Ó ní àpótí onírin kan tó ń kó irinṣẹ́ sí. Súkúrúdiráfà ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀, sípánà ní tirẹ̀, òòlù kì í sì í sùn síbi tí ayùn ń sùn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ti lọ sílé ọkọ, òun nìkan ló ń jẹun tó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ.

Oníṣòó ní tirẹ̀ ń ta irinṣẹ́ ní ìkángun òpópónà. Ìṣó ni wọ́n fi ń pè é, àmọ́ okùn wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, ayùn àti àkàbà náà wà níbẹ̀. Opó ni, ẹnu rẹ̀ mú, ẹ̀rín rẹ̀ sì dùn. Ọ̀gá Òtútù kò lè kọjá níwájú ìsọ̀ náà kó má ra ìṣó. Èèyàn wo ló ń fi ìṣó tún fíríìjì ṣe? Síbẹ̀ ó ń rà á, títí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń dirun nínú yàrá tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fi bi í bóyá pósí ló fẹ́ máa kàn.

Nígbà tí ìṣó kò ráyè mọ́ nílé, ó gbójú gbóyà, ó sọ fún Oníṣòó pé òun fẹ́ fi í ṣaya. Oníṣòó kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wọ inú ìsọ̀ lọ, ó mú ọ̀bẹ kan jáde nínú àkọ̀ aláwọ, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ẹ ní koríko ti bo àwọn òkú fíríìjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yín," ó ní. "Ọ̀bẹ ìgbẹ́ rèé. Ẹ máa fi gé okùn, ẹ máa fi gé ẹ̀ka igi kéékèèké, tí òùngbẹ bá sì gbẹ yín nínú oòrùn, ẹ fi bó ọsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn o."

"Ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ ńkọ́?"

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó. Ẹ ṣáà máa lo ọ̀bẹ yín ná. Mo máa wá wò ó."

"Mo máa wá wò ó" yìí ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Lójú Ọ̀gá Òtútù, ohun tí obìnrin náà ń sọ ni pé òun fẹ́ rí bí ọkùnrin náà ṣe mọyì ẹ̀bùn òun tó. Báwo lèèyàn ṣe ń fi hàn pé òun mọyì nǹkan? Á máa lò ó ni. Bó bá sì mọyì rẹ̀ gan-an, á máa lò ó fún gbogbo nǹkan. Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ pé àgbàlagbà tó lérò yìí kò gbọ́n. Ìfẹ́ ló kó sí i lórí, ìfẹ́ kì í sì í kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí kó tó wọlé.

Níbẹ̀rẹ̀, ó ń fi gé okùn àti koríko bí ọmọlúàbí. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí súkúrù ìdí fíríìjì kan ní òun ò ní tú. Àpótí irinṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní ju kó na ọwọ́ lọ. Ọ̀gá Òtútù wo àpótí, ó wo ọ̀bẹ.

"Ìwọ ńkọ́?" ó bi ọ̀bẹ. "Ṣé àwọn tó wà nínú àpótí yìí sàn jù ẹ́ lọ ni?"

Ó ti ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ ojú súkúrù, ó fi gbogbo ara yí i. Súkúrù tú. Irin ọ̀bẹ náà tẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣóńṣó, àmọ́ kò rí i, inú rẹ̀ ti dùn kọjá ohun tí ojú lè ráyè fún. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ohun tó wà nínú àpótí ti fẹ̀yìn tì.

Ọ̀bẹ di òòlù, ó ń fi ìdí rẹ̀ gbá ìṣó wọlé. Ó di ohun tí wọ́n fi ń ṣí ìgò, ó di ohun tí wọ́n fi ń tẹ ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má bàa pa á dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó fi ṣí agolo ọ̀dà, ó sì fi ro ọ̀dà náà. Nígbà tó di ọ̀sán, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó fi pa bọ́tà sórí búrẹ́dì. Búrẹ́dì ọjọ́ yẹn ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ó ní ó dùn. Ìgbà tó wá gbé ọ̀bẹ gba ẹ̀yìn ọrùn bọ inú ẹ̀wù láti fi yún ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń dirun figbe ta, tó sì sáré jáde pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́.

"Àbúrò! Ṣé o fẹ́ gé ara ẹ lọ́bẹ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni mo fi ń yún un, kì í ṣe ojú ẹ̀."

"Ojú tìẹ gan-an dà? Àṣejù ni baba àṣetẹ́ o. Ọ̀bẹ yẹn ń sunkún."

"Ẹ̀rín ló ń rín," ni Ọ̀gá Òtútù dáhùn, ó sì tún yún un díẹ̀ sí i.

Èyí tó burú jù ni ti yìnyín. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé fíríìjì wá sọ́dọ̀ Ọ̀gá Òtútù rí ló mọ̀ pé kò sí ohun tó ń bí i nínú tó pé kí èèyàn fi ọ̀bẹ ha yìnyín. Ọ̀pá tó ń gbé gáàsì wà lẹ́yìn yìnyín náà gan-an, ó sì tínrín. Bí ọ̀bẹ bá lu ú báyìí, gáàsì ti lọ, fíríìjì ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti bá ìyàwó ilé kan wí lórí ọ̀rọ̀ yìí títí tí ìyẹn fi sunkún. Ó ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà: Ẹ MÁ FI Ọ̀BẸ HA YÌNYÍN. Lábẹ́ àkọlé yìí gan-an ló dúró sí, tí tíṣà obìnrin kan tó ni fíríìjì sì ń wò ó, tó yọ ọ̀bẹ nínú àkọ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha yìnyín.

Fíríìjì náà ní "ṣíííí."

Tíṣà wo fíríìjì. Ó wo Ọ̀gá Òtútù. Ó gbójú sókè, ó ka ara ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni tó ń ka ìwé fún ọmọ kíláàsì.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Ẹ̀yin oníbàárà ni mo kọ ọ́ fún," Ọ̀gá Òtútù dáhùn.

Ó fi gáàsì mìíràn sí i fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Tíṣà ní òun ò ní sọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ tó ń ti ilé-ìwé bọ̀ ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń ṣe "ṣíííí."

Ó ṣẹlẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Òtútù yìí ni Oníṣòó ti ń dirun. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà, nígbà tó dìde lórí àga, ó ní kí Àǹtí Onídìrí bá òun jíṣẹ́ fún àbúrò rẹ̀. Àǹtí Onídìrí kò dúró gbowó iṣẹ́ rẹ̀ tó fi sọdá títì.

"Sátidé ló ń bọ̀," ó ní. "Ó ní kó o mú ọ̀bẹ náà sítòsí. Tó bá ti rí i, á fún ẹ lésì."

Inú Ọ̀gá Òtútù dùn, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó yọ ọ̀bẹ jáde, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Lóòótọ́ ó ti ṣiṣẹ́, àmọ́ ṣé iṣẹ́ yẹn tó? Bí obìnrin náà bá wá ní kí ló fi ọ̀bẹ òun ṣe, ṣé búrẹ́dì àti ìgò ló máa dárúkọ? Ó yẹ kí iṣẹ́ ńlá kan wà tí èèyàn lè fi ìka tọ́ka sí. Nígbà tí Jímọ̀ mọ́, ó wo fíríìsà gbàǹgbà kan tó ti kú tipẹ́ sí igun ṣọ́ọ̀bù, tí ìpẹtà ti lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ tí kò sí ẹni tó rí i ṣí. Ó ti ọ̀bẹ bọ ojú ibi tó lẹ̀ náà, ó gbé òkúta ńlá kan, ó sì gbá ìdí ọ̀bẹ.

Ọ̀bẹ wọlé díẹ̀. Ó tún gbá a. Ó wọlé sí i. Ó kí ọ̀bẹ, ó ní, "Ọkọ òòlù!" ó gbé apá sókè, ó sì gbá a bí ẹni tó ń bínú.

Pàá! Èèkù ọ̀bẹ là sí méjì. Apá kan fò lọ sábẹ́ tábìlì, èkejì gba ojú fèrèsé jáde sí títì. Irin ọ̀bẹ náà já bọ́ sílẹ̀ ní ìhòòhò, ṣóńṣó rẹ̀ sì ti kù sínú fíríìsà. Ọ̀gá Òtútù dúró, ó ń wò ó. Ọ̀la ni Oníṣòó ń bọ̀ wá fún un lésì.

Ariwo yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ tó fi wọlé. Ó mú irin náà nílẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé," ó ní.

"O gbé kẹ̀? O ti gbé tán. Ọ̀nà kan ló kù. Ká wá irú ẹ̀ rà, ká fi ha ilẹ̀ díẹ̀ kó má tuntun jù."

"Níbo ni wọ́n ti ń tà á?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ìsọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ta irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò, wọ́n sì mọ ẹni tó ni ín.

"Mo máa lọ," Àǹtí Onídìrí sọ. "Kò ní dá mi mọ̀. Mo máa ṣe bí ọkùnrin."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dirun fún un?"

"Ìgbà tí mo bá ń dirun fún un, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo máa ń wà. Ìgbà mélòó ló ti rójú mi?"

Ọ̀rọ̀ yìí dún bí ọgbọ́n létí Ọ̀gá Òtútù, torí etí ẹni tó ti rì sómi kì í yan ọ̀rọ̀ jẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ẹ̀wù òjò rẹ̀ tó gùn dé ilẹ̀, nínú oòrùn. Ó dé àkẹtẹ̀ kan dé ìpéǹpéjú, ó fi awò dúdú bo ojú. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti wá ohùn ọkùnrin, ohùn tó rí jọ ti ewúrẹ́ tí ọ̀fun ń dùn. Ó sì jáde.

Bó ṣe lọ tán ni ọkàn Ọ̀gá Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó rò ó wò pé òun kò lè jókòó lásán. Bí ẹ̀gbọ́n òun kò bá rí ọ̀bẹ rà ńkọ́? Irin náà ṣì wà, ó ṣì mú. Igi ló kù. Ẹsẹ̀ àga kan tó ti kán wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí ló burú tí òun bá fi ọ̀bẹ yìí gbẹ́ èèkù mìíràn fún ara rẹ̀?

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọ̀gá Òtútù mọ òwe náà. Ìyá rẹ̀ pa á fún un tó ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, èrò rẹ̀ ni pé àwọn tó pa òwe yẹn kò ní irú ọ̀bẹ tí òun ní.

Ó fi àkísà wé ìdí irin náà, ó dì í mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹsẹ̀ àga. Ó ń lọ dáadáa. Igi ń bó wínníwínní, ó ń súfèé. Nígbà tó gbẹ́ ẹ dé ibi tó wù ú, ó dá ihò sí i, ó yọ àkísà kúrò, ó ti irin bọ inú igi. Ó wọ̀ ọ́! Ó gbé e sókè. Ó wá rí i pé igi náà ti sanra jù, ọwọ́ kò ká a. Ó fẹ́ bó o díẹ̀ sí i. Kí ló máa fi bó o? Ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ dà? Ó wà nínú igi.

Ó yọ ọ́. Ó tún wá àkísà, ó tún wé e, ó bó igi díẹ̀, ó tú àkísà, ó tún ti irin bọ̀ ọ́. Ó ṣì sanra. Ó tún yọ ọ́. Bí ọ̀bẹ bá wà nínú èèkù, kò lè kan èèkù. Bó bá wà níta, kò ní ohun tí ọwọ́ máa dì mú. Ọ̀gá Òtútù ṣe èyí títí tí òógùn fi bò ó, tí ojú ọ̀bẹ sì ti gé àkísà náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó wá gbé ẹsẹ̀ àga ti ikùn ara rẹ̀ kó lè dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú irin, ó sì ń fà á bọ̀ síhà ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.

Ọ̀bẹ yọ̀. Fàà!

Ó di ojú pa. Ó dúró kí ikùn òun sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún òun. Ikùn kò sọ nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ kàn án, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó wolẹ̀. Bẹ́líìtì rẹ̀, tí wọ́n fi awọ nínípọn ṣe, ti já sí méjì gééré, ṣòkòtò rẹ̀ sì ti wà lọ́rùn ẹsẹ̀.

Bó ṣe ń rò ó pé kí òun tẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé e ni ilẹ̀kùn ṣí. Ó sáré fò pẹ̀lú ṣòkòtò lẹ́sẹ̀ sẹ́yìn fíríìjì kékeré kan tó bò ó dé ìbàdí, ó gbé ìgúnpá lé e lórí bí ẹni tó ń sinmi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àkẹtẹ̀ àti ẹ̀wù òjò, kò wọlé, kò jáde. Ó ń ṣẹ́jú sí i kíkankíkan kó lè mọ̀ pé ewu wà. Awò dúdú wà lójú rẹ̀, Ọ̀gá Òtútù kò rí nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i rà?"

Àǹtí Onídìrí wúkọ́.

"Ṣé ó dá yín mọ̀? Ẹ sọ̀rọ̀, jàre! Ọ̀bẹ ti kán, bẹ́líìtì ti já, mo sì ti fi ẹsẹ̀ àga ṣòfò. Tí obìnrin yẹn bá fi lè mọ̀ pẹ́nrẹ́n, mo ti tẹ́!"

"Ó ti mọ̀," ni ohùn kan sọ lẹ́yìn ẹ̀wù òjò.

Oníṣòó bọ́ síwájú. Ó ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ ni, ó sì tẹ̀ lé oníbàárà rẹ̀ láti ibẹ̀ débí.

"Mo ní kó ta ọ̀bẹ ìgbẹ́ kan fún mi," Àǹtí Onídìrí ṣàlàyé, ó ń bọ́ awò. "Ohùn ọkùnrin ni mo fi sọ ọ́! Ó kàn wò mí, ó ní, 'Àǹtí Onídìrí, ṣé ọ̀fun ló ń dùn yín ni?'"

Oníṣòó kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́. Ọ̀gá Òtútù na irin ọ̀bẹ náà sí i lórí fíríìjì, òun fúnra rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà gbé e sínú ìmọ́lẹ̀, ó ń fi ìka wá ojú egbò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Èyí tó tẹ̀ yìí?"

"Súkúrù ni."

"Ibi tó kán eyín yìí?"

"Agolo."

"Àwọ̀ ewé yìí ńkọ́?"

"Ọ̀dà," Ọ̀gá Òtútù sọ. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àti búrẹ́dì."

"Ẹ jókòó, Àǹtí," Oníṣòó sọ fún Àǹtí Onídìrí tó ti ń fi àkẹtẹ̀ bo ẹ̀rín. Ó yíjú sí Ọ̀gá Òtútù. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún yín. Ọkọ mi tó kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, kò lù mí rí. Ó fẹ́ràn mi. Èmi ni mò ń dáná, èmi ni mò ń ta ọjà, èmi ni mò ń gun òrùlé tí ilé bá ń jò. Tí ìyá ẹ̀ bá ṣàìsàn, èmi ni nọ́ọ̀sì. Tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá wá, á ní, 'Ẹ wò ó, kò sóhun tí ìyàwó mi ò lè ṣe.' Orí mi á wú, màá tún wá iṣẹ́ míì kún un. Títí mo fi ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mi ò lè dìde. Ẹ ẹ̀ rí i pé ìyìn náà lè pa èèyàn?"

Àǹtí Onídìrí ti sọ àkẹtẹ̀ kalẹ̀.

"Ìdí nìyẹn tí mo fi fún yín lọ́bẹ," Oníṣòó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹnì kan wá ṣáájú yín, mo fún òun náà ní irú ẹ̀. Ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, kò yọ ọ́ nínú àkọ̀ rí. Mo ní ó dìgbóṣe, mi ò fẹ́ di fọ́tò lára ògiri ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin wá dé." Ó gbé irin náà lé orí fíríìjì jẹ́jẹ́. "Kí lẹ tiẹ̀ ń rò?"

"Mo rò pé ìfẹ́ ni," Ọ̀gá Òtútù sọ.

"Mo mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀gá Òtútù lára. Ó dùn ún, kò lè purọ́ pé kò dùn ún. Ó wo irin tó wà níwájú rẹ̀, ó sì rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un: bó ṣe tẹ̀, bó ṣe kán, bí ọ̀dà ṣe gbẹ mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ gbóná.

"Mo fi ha yìnyín náà," ó sọ lójijì.

"Ẹ ní kí ni?"

"Yìnyín. Mo fi ha á. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn gan-an ni."

Oníṣòó gbójú sókè, ó rí àkọlé pupa ara ògiri. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó pa á mọ́, ó tún pa á mọ́, ẹ̀rín sì bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ̀yin fúnra yín? Torí ẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe ń ṣe 'ṣíííí' káàkiri?"

"Èmi ni. Mo sì rán ẹ̀gbọ́n mi láti tàn yín jẹ, ìyẹn ò dáa. Mo gbìyànjú kí n fi ọ̀bẹ gbẹ́ èèkù ara ẹ̀, kò ṣe é ṣe. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tí ẹ ò bá tiẹ̀ fẹ́ mi mọ́, ọ̀bẹ náà ò ṣẹ̀ wá."

Oníṣòó ń wo àpótí onírin tó wà nílẹ̀, tí eruku ti bo orí rẹ̀.

"Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Irinṣẹ́ mi," Ọ̀gá Òtútù sọ. Ìtìjú tún mú un. Ó fẹ́ fi hàn án pé òun ní súkúrúdiráfà lóòótọ́, pé orí òun kò tíì dàrú tán. Ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó gbẹ́sẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn fíríìjì kó lè lọ ṣí àpótí, ṣòkòtò dì í lẹ́sẹ̀, ó sì wó lulẹ̀ gbì síwájú obìnrin tó fẹ́ fẹ́, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ òféfèé.

Àǹtí Onídìrí fi ọwọ́ bo ojú. Ṣùgbọ́n Oníṣòó kò wo ṣòkòtò. Bẹ́líìtì ló ń wò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó rí ibi tí ó ti gé gééré, ó sì rí ìlà tín-ín-rín tí ọ̀bẹ fà sára ẹ̀wù Ọ̀gá Òtútù lókè ìdodo. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí ló gé èyí?"

"Mo ń gbẹ́ igi ni. Mo gbé e ti ikùn, mo wá ń fa ọ̀bẹ bọ̀..."

"Síhà ikùn!" Oníṣòó figbe ta, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orí. "O fa ọ̀bẹ síhà ikùn ara ẹ! Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ sọ mí di opó lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Oníṣòó gan-an gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti délé.

"Opó," Àǹtí Onídìrí sọ jẹ́jẹ́. Ó ń dìde. "Opó ta ni? Ẹni tí ò tíì fẹ́ ẹ, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ di opó? Ó sì pè é ní ìwọ! Ẹ gbọ́ o! Kò fi 'ẹ' sí i! Ó pè é ní ìwọ!"

Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú ẹ̀wù òjò.

"Àǹtí, ẹ má bi mí léèrè kankan," Oníṣòó sọ. Ojú tì í, inú ń bí i, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ju bẹ́líìtì tó já náà sí ọkùnrin tó wà nílẹ̀. "Ìwọ, dìde. Gbé ṣòkòtò ẹ sókè."

Ọ̀gá Òtútù dìde, ó gbé e sókè. Ó ní láti fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, nítorí náà kò lè nu omijé tó ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó jẹ́ kó máa ṣàn bẹ́ẹ̀.